Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Ṣáná

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Abẹ́òkúta lóṣù yìí ló dá lórí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, rìmóòtù àti ìgníṣọ̀n, àti lórí àwọn agékọ́kọ́rọ́ alágbèéká tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn wá bá ọkọ̀ níbi tó bá dúró sí. Kí n tó dáhùn, mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òde òní ń ṣe. Irin rẹ̀ ló ń yí ilé kọ́kọ́rọ́, ṣíìpù tó wà nínú orí rẹ̀ ló ń fi ara han kọ̀ǹpútà ọkọ̀, rìmóòtù rẹ̀ ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn láti òkèèrè. Ẹni tí kò bá tíì mọ èwo nínú wọn ló kọṣẹ́ kò tíì yẹ kó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe é dá dúró, òun ni mo sì fi ṣíwájú.

Ọ̀gá Olóòtú, mo ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa láìmọ̀, kọ́kọ́rọ́ àti ọmọ mi ọlọ́dún méjì sì wà nínú rẹ̀. Agékọ́kọ́rọ́ tí a pè ní òun ń bọ̀ láti Lafẹ́nwá. Àwọn kan ní kí n fọ́ gíláàsì, ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù nítorí pé gíláàsì ti wọ́n. Ọlọ́run yọ wá, oníṣẹ́ dé kí nǹkan tó bàjẹ́. Kí ló yẹ kí n ti ṣe? — Ìyá ọmọ, Àsérò

Ìyá ọmọ, a bá yín dúpẹ́. Gíláàsì ló yẹ kí ẹ fọ́, láìjáfara. Láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, ooru inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ju ti ìta lọ, ara ọmọdé sì máa ń yára gbóná ju ti àgbàlagbà lọ. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ọmọ jù lọ ni kí ẹ fọ́, kí ẹ sì fi ohun líle tó ní ẹnu ṣóńṣó lu igun rẹ̀, kì í ṣe àárín. Ẹ má fi agbára ṣòfò lórí gíláàsì iwájú, nítorí pé ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín ìpele rẹ̀ méjèèjì tí kì í jẹ́ kó já. Kí ẹlòmíràn máa pe 112 bí ẹ ti ń ṣe èyí. Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ nìkan ló há sínú ọkọ̀, ìgbà náà ni sùúrù wúlò: ẹ dúró de oníṣẹ́ tó ní àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn díẹ̀ àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń fa ìdè ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó gbé háńgà aṣọ lọ́wọ́ sún mọ́ ọn, rọ́bà etí ilẹ̀kùn àti wáyà inú rẹ̀ ló máa bàjẹ́.

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gé kọ́kọ́rọ́ kejì fún Honda mi lọ́dọ̀ ẹni kan lẹ́bàá ọjà. Ó ń ṣílẹ̀kùn, ó sì ń yí dáadáa nínú ìgníṣọ̀n, àmọ́ bí mo bá ṣáná, ọkọ̀ á fẹ́ jí, á sì tún kú. Mẹkáníìkì mi ní pọ́ǹpù epo ló ti bàjẹ́, kí n wá owó. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì ń jí ọkọ̀ yìí kan náà láìsí wàhálà. Ṣé pọ́ǹpù ni lóòótọ́? — Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ìyá wa, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù kankan. Bó bá jẹ́ pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà kò ní lè jí ọkọ̀. Irin lásán ni wọ́n gé fún yín, wọn kò fi ṣíìpù sí i. Òrùka wáyà kan yí ihò ìgníṣọ̀n ká. Bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́, òrùka náà á fún ṣíìpù inú orí kọ́kọ́rọ́ ní iná díẹ̀, ṣíìpù á sì dá nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ padà. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá mọ nọ́ńbà náà, á jẹ́ kí epo wọ ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á dí epo tàbí iná mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí olè ni yóò sì ṣe ka ẹni tó jókòó sídìí sítíárín. Ètò yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní immobiliser. Ẹ lè dán an wò fúnra yín láàárọ̀ ọ̀la: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ṣáná, kí ẹ sì wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ Honda, àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé á máa ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró bí ọkọ̀ kò bá mọ kọ́kọ́rọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti sọ fún yín pé ọkọ̀ tòun náà jọ ti yín, síbẹ̀ irin lásán ló ń jí i. Òótọ́ lè ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ètò yìí di dandan fún ọkọ̀ tuntun láti oṣù kẹwàá ọdún 1998, Kánádà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò fi òfin mú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọkọ̀ tòkunbọ̀ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè máa rìn lójú títì Abẹ́òkúta, kí ọ̀kan ní ṣíìpù, kí èkejì má ní.

Ẹni tó yẹ kí ẹ pè ni agékọ́kọ́rọ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ ṣíìpù. Ó lè wá bá yín ní Ìtòkú, iṣẹ́ náà kì í sì í pẹ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ tó dára bá wà nílẹ̀. Kí ó tó lọ, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì jí ọkọ̀ lójú yín, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó ń dùn mí nítorí pé mo ń gbọ́ ọ lemọ́lemọ́: nígbà tí orí kọ́kọ́rọ́ bá fọ́, tí a fẹ́ pààrọ̀ ike rẹ̀, ṣíìpù lè wà nínú ike àtijọ́ bí ègé dúdú kan tí kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ojú ọ̀nà á sì da òun àti ike sínú ààtàn. Kí ẹ tó fi ike àtijọ́ sílẹ̀, ẹ bi oníṣẹ́ léèrè pé, "Ṣíìpù dà?"

Olóòtú mi àtàtà, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí mo ní sọnù níbi ìnáwó kan ní Òkè-Ìlewọ́. Ẹnìkan ní àfi kí n ra brain box mìíràn, ìyẹn àpótí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹlòmíràn ní òun á gé wáyà kan, pé kọ́kọ́rọ́ èyíkéyìí á máa jí ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìyẹn. Agékọ́kọ́rọ́ tí mo wá pè ní kí n kó ìwé ọkọ̀ wá kí òun tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bí ẹni pé olè ni mí. Inú bí mi, mo ní kó máa lọ. — Olùkọ́, Ọbáńtokó

Ọ̀gá Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọkùnrin tó béèrè ìwé yẹn pè. Òun nìkan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe bí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lè gé kọ́kọ́rọ́ fún ọkọ̀ láìbéèrè ẹni tó ni ín yóò gé e fún olè náà bó bá dọ̀la. Ẹ mú ìwé ọkọ̀ tó ní orúkọ yín àti ìwé ìwakọ̀ yín jáde, kí ó fi nọ́ńbà orí ìwé wé èyí tó wà lára ọkọ̀, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tí ẹ óò rí nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀.

Ẹni tó fẹ́ gé wáyà ni kí ẹ sá fún. Ohun tó fẹ́ ṣe ni kó mú ìdènà olè kúrò lára ọkọ̀ yín kí ó sì gbowó lórí rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sì kú sí ojú ọ̀nà, kò sí rìwáyà tó máa tètè mọ ibi tí ẹni náà ti gé wáyà. Ní ti brain box, ó lè pọn dandan lórí ọkọ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí oníṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe irin kọ́kọ́rọ́ tó bá ilẹ̀kùn mu, yálà nípa kíka ilé kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ tàbí nípa kóòdù tí wọ́n fi gé e nílé iṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ojú ihò 16 tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀, tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí orúnkún awakọ̀ ń wà. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, ó ní láti tú àpótí kọ̀ǹpútà náà, kí ó sì ka ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìyẹn gba àkókò, owó rẹ̀ sì ju ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan kù lọ́wọ́ lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo pé kí wọ́n ṣe èkejì nísinsìnyí.

Ẹ rí i pé bátìrì ọkọ̀ lágbára, tàbí kí ẹ so òmíràn mọ́ ọn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, torí bí iná bá relẹ̀ láàárín iṣẹ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè dàrú. Kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó pa kọ́kọ́rọ́ tó sọnù rẹ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tó bá rí i he á ṣì lè fi irin rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, nítorí náà ẹ má fi ohun olówó iyebíye sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àmọ́ kò ní lè mú kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fura pé wọ́n jí kọ́kọ́rọ́ náà gbé ni, tí ẹni náà sì mọ ilé yín, ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì pààrọ̀ ilé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ẹ má gbé fọ́tò kọ́kọ́rọ́ tuntun sórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ayọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ lè fi fọ́tò tó mọ́lẹ̀ gé irú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì mi kì í yí nígbà mìíràn, àfi kí n fi agbára sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi ń da ọ́ílì ẹ́ńjìnnì sínú ihò rẹ̀, ó máa ń dára fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. — Awakọ̀ akérò, Lafẹ́nwá

Àbúrò mi, ọ́ílì yẹn ló ń dá kún un. Eruku ojú ọ̀nà máa ń lẹ̀ mọ́ ọ́ílì, á sì di ẹrẹ̀ láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tó wà nínú ilé kọ́kọ́rọ́. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tí wọ́n ń pè ní graphite ló yẹ ibẹ̀, díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo sítíárín. Bí a bá pa ọkọ̀ tí a sì yí sítíárín lẹ́yìn tí a yọ kọ́kọ́rọ́, ó máa ń tì, kì í sì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ yí nígbà tí a bá tún kì í bọ ihò. Mi sítíárín sọ́tùn-ún sósì jẹ́jẹ́ bí o ti ń yí kọ́kọ́rọ́, kò gba agbára. Agbára ló ń kán kọ́kọ́rọ́ sínú ihò.

Bí kì í bá ṣe sítíárín, mú kọ́kọ́rọ́ kejì tí a kì í sábà lò. Bí ìyẹn bá yí wẹ́rẹ́, irin tí o ń lò ló ti jẹ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó ti jẹ gé tuntun, torí àléébù rẹ̀ náà ni wọ́n máa gé sórí tuntun. Kóòdù ilé iṣẹ́ tàbí kọ́kọ́rọ́ kejì yẹn ni kí wọ́n fi gé e. Bí méjèèjì kò bá yí, ilé kọ́kọ́rọ́ ló ti jẹ. Agékọ́kọ́rọ́ alágbèéká lè tú u ní gáréèjì, kí ó pààrọ̀ irin inú rẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tí o ní tẹ́lẹ̀ ṣì lè máa bá a mu, kí o má baà máa gbé kọ́kọ́rọ́ méjì rìn. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti gáréèjì tí awakọ̀ máa ń so mọ́ ọn náà ń dá kún jíjẹ rẹ̀. Tú u kúrò.

Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí dáadáa, tí ẹ́ńjìnnì kò wá dún rárá, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣú bí o ti ń ṣáná, bátìrì tàbí orí rẹ̀ tó dípẹtà ni kí o yẹ̀ wò. Rìwáyà ni kí o pè. Agékọ́kọ́rọ́ kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Olóòtú, Lexus mi kò ní ihò kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnnì ni mo ń tẹ̀. Mo ti iṣẹ́ alẹ́ jáde, ilẹ̀kùn kò ṣí, ọkọ̀ kò dáhùn, mo sì sùn sí ibi iṣẹ́. Mo wá ra rìmóòtù alòkù tó jọ tèmi ní Ládípọ̀, agékọ́kọ́rọ́ ní kò gbà. — Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Àbà

Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì rìmóòtù yín ló kú, ọkọ̀ náà kò sì ní àìsàn kankan. Irin kọ́kọ́rọ́ kan fara pamọ́ sínú rìmóòtù náà. Ẹ tẹ ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á yọ, òun ni kí ẹ fi ṣílẹ̀kùn. Bí ẹ bá wọlé, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ fi ojú rìmóòtù tó ní àmì Lexus kan bọ́tìnnì náà títí yóò fi dún, kí ẹ tó wá tẹ̀ ẹ́. Ṣíìpù inú rẹ̀ kò nílò bátìrì fún èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí rìmóòtù, kí ẹ ka nọ́ńbà ara bátìrì rẹ̀, CR2032 tàbí CR1632 tàbí òmíràn, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ sì rà.

Ní ti èyí tí ẹ rà ní Ládípọ̀, jíjọra kò tó. Rìmóòtù ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò 315 MHz, ti Yúróòpù lórí 433.92 MHz, ọkọ̀ kan kò sì ní gbọ́ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ rìmóòtù alòkù irú èyí ti so mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ pàtàkì nìkan ló sì lè tú u sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá á gbà á padà. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí agékọ́kọ́rọ́ yín ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rìmóòtù tó ń ṣiṣẹ́, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín, nọ́ńbà yẹn sì ni kí ẹ mú lọ sí ọjà.