Gbígba àárín ọkọ̀ kọjá lórí alùpùpù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó

Àbúrò mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ dispatch, pé láti Kẹ́tu dé Jíbówú ni o ń ná lójoojúmọ́, pé ọ̀gá rẹ ń bínú bí ẹrù bá pẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, àti pé ìyá rẹ ti mú ọ búra pé o kò ní gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá láéláé. O wá béèrè pé ta ni kí o gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìdáhùn mi ni pé o lè gba àárín ọkọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní gbogbo ìgbà, kì í sì í ṣe bí àwọn tí o ń rí tí wọ́n ń fò kọjá bí ẹni tí iwin ń lé. Mo ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ kí n tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun, eegun èjìká mi kan kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ bí òtútù bá mú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò ni bí àyè ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á wo àárín dánfó àti Corolla, wọ́n á ní ọwọ́ alùpùpù yóò gba ibẹ̀, wọ́n á sì kó ara wọn wọlé. Bí àyè bá há, ara dígí lo máa kọ́kọ́ hà, wọ́n á bú ọ, wàá bẹ̀bẹ̀, ó tán. Ọkọ̀ tó yà lójijì nígbà tí o ti ń sáré kọjá ohun tí bíréèkì lè gbà ni ọ̀ràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ara mi kí n tó wọ àárín: eré tèmi ti ju ti àwọn ọkọ̀ tó yí mi ká lọ tó báwo, àti pé èwo nínú wọn ló ní ìdí láti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ nísinsìnyí?

Jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ti eré náà. Bí àwọn ọkọ̀ bá dúró gbagidi tí ìwọ sì ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí, mítà 11 ni o ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó ju gígùn dánfó méjì lọ. Kí ojú tó rí ilẹ̀kùn tó ṣí, kí ọwọ́ tó gbọ́, kí ó tó fún bíréèkì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ, alùpùpù kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ eré. Bí o bá ń sá 20, ìdajì mítà wọ̀nyẹn ni, o sì lè rí ibi dúró sí. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tí òfin rẹ̀ ti fi ọwọ́ sí gbígba àárín ọkọ̀ kọjá láti ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Berkeley yẹ ìjàmbá àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 6,000 wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé ewu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí àwọn ọkọ̀ kò bá sá ju nǹkan bíi kìlómítà 80 ní wákàtí lọ, tí alùpùpù kò sì fi ju kìlómítà 24 yá jù wọ́n lọ. Èyí kejì ló jẹ mí lógún jù. Ṣùgbọ́n California ni ìyẹn o, níbi tí ìlà ojú ọ̀nà kò tíì pa rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń ta gálà láàárín ọkọ̀. Ní ti Èkó, bí àwọn ọkọ̀ bá ti ń sá ju 30 lọ, mo ti padà sí ìlà mi bíi ti gbogbo ayé, n kò sì jẹ́ fi ju kìlómítà 20 yá ju ẹni tí mo ń kọjá lọ. Bí ọ̀gá rẹ bá ń kùn, sọ fún un pé láti fi 20 gba kìlómítà márùn-ún ọkọ̀ tó dúró kọjá dípò 40 kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lé lọ.

Ìbéèrè kejì ló gba ìwòye. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún títì ní ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ wa ń jókòó sí, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ méjèèjì kò rí bákan náà nígbà tí o bá wà láàárín ìlà méjì. Awakọ̀ tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ sún mọ́ ọ, dígí rẹ̀ sì wà níwájú rẹ; bí o bá rí ojú rẹ̀ nínú dígí náà, òun náà lè rí ọ. Ní ti ọkọ̀ tó wà ní ọwọ́ òsì rẹ, ẹ̀gbẹ́ èrò ló wà lọ́dọ̀ rẹ, awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí ìhà kejì, bó bá sì jẹ́ dánfó, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kọjú sí ọ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ yìí ló ṣẹ́ mi léjìká. Lẹ́bàá Onípàánù ni, gbogbo ọkọ̀ dúró, èrò kan tó rí i pé dánfó ti fẹ́ gbé òun kọjá ibi tí òun ń lọ bẹ́ sílẹ̀ sí àárín títì pẹ̀lú báàgì Ghana-must-go. Báàgì náà ló kọ́kọ́ yọ. Ó kọ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mi, táyà iwájú yí, èmi àti àpótí ẹrù sì jọ dùbúlẹ̀ sí ìdí táyà ọkọ̀ tó wà ní ìhà kejì. Ẹni náà bẹ̀ mí títí, kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé kí n san owó ilẹ̀kùn.

Lẹ́bàá dánfó, etí ṣe pàtàkì bí ojú. Bí èrò bá ké pé “Ó wà o!”, tí kọ̀ńdọ́ sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀, dánfó yẹn yóò fi agbára ya sí ọ̀tún, ìbáà jẹ́ ìlà òsì pátápátá ló wà. Bí kọ̀ńdọ́ bá ti yọ apá síta, tí ó ń fi ọwọ́ dá àwọn tó wà lẹ́yìn dúró, má bá a du ibẹ̀. Ní ti ọkọ̀ yòókù, táyà iwájú wọn ni kí o máa wò, nítorí táyà máa ń yí kí ara ọkọ̀ tó sún, nígbà tí ojú awakọ̀ lè máa wo fóònù.

Ìgbà tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìgbà tí ìlà kan bá ń lọ tí èkejì sì dúró. Bí méjèèjì bá dúró, kò sí ẹni tó lè yà, nítorí kò sí ibi tí yóò yà sí. Ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ ènìyàn ni o ó máa ṣọ́. Bí méjèèjì bá jọ ń fà díẹ̀díẹ̀, ó ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìlà òsì bá ṣí, tí tọ̀tún kò sì tíì lọ, gbogbo awakọ̀ tó wà ní ọ̀tún ni ara ń ta láti bọ́ sí òsì, wọn kò sì ní tan tíráfíkétọ̀ fún ọ. Ní ìṣẹ́jú yẹn, wá ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó ń lọ, wọ ibẹ̀, kí o sì jókòó sí i títí wọn yóò fi fi ara balẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e ni àyè tí ẹni rere fi sílẹ̀. O ó rí i pé iwájú ti fà, ọkọ̀ kan sì dúró tí ó fi àyè sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀. Má rò pé ó ń sùn. Ó ti ju ọwọ́ sí ẹnìkan pé kó máa bọ̀: ọkọ̀ tó ń jáde láti ojú ọ̀nà kékeré, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fẹ́ yí padà, ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́. Ẹni náà yóò gba ìwájú ọkọ̀ yẹn kọjá pẹ̀lú ìgboyà, nítorí wọ́n ti fún un láyè, ẹ̀gbẹ́ tí ìwọ ti ń bọ̀ ni kò ní rí. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí n yọrí wo iwájú rẹ̀ kí n tó lọ, bí àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi tilẹ̀ ń fọn fèrè bí ọkọ̀ ológun.

Má gbàgbé pé àyè tí à ń sọ yìí, ṣọ́ọ̀bù ni fún àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá, tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ kan láti fún oníbàárà ní ṣéńjì, ọwọ́ oníbàárà ló ń wò, kì í wo iwájú ara rẹ̀. Fún un ní àyè kí ó parí òwò rẹ̀. Ọlọ́kadà ẹlẹgbẹ́ rẹ tó fẹ́ kọjá, yà fún un kí ó lọ. Má sì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí awakọ̀ tó fà sẹ́yìn fún alùpùpù kan sábà máa ń padà sí àyè rẹ̀ gẹ́rẹ́ tí ó bá kọjá.

Tírélà àti tánkà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. N kì í gba àárín tírélà méjì, n kì í sì í gba àárín tírélà àti bèbè títì. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sókè, kò lè rí ìsàlẹ̀ ìwájú rẹ̀ tàbí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa, bó bá sì ń yí, àwọn táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipa tiwájú. Inú ni wọ́n ń gé sí, wọ́n á sì gba ibi tí o dúró sí lọ́wọ́ rẹ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mọ́tò bọ́ọ̀yì lè bẹ́ sílẹ̀ nígbàkigbà pẹ̀lú igi ìdátáyà, nítorí ọkọ̀ náà ti ń fà sẹ́yìn.

Àwọn yòókù kò gùn. Tan iná iwájú lọ́sàn-án. Fi ìka méjì sórí bíréèkì, méjì sórí kílọ́ọ̀ṣì. Wọn ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹrù rẹ wò, bí ó bá fẹ̀ ju ọwọ́ alùpùpù lọ, òun ni ìwọ̀n rẹ. Fóònù kì í gbé inú àṣíborí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Oníbàárà tó ń pè yóò dúró. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀dà funfun ojú títì àti dísẹ́ẹ̀lì tó ń kán láti ara ọkọ̀ ńlá yóò máa yọ̀, má gba àárín ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Má bọ́ sí ojú ọ̀nà BRT nítorí pé ó ṣófo: bọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò retí rẹ, bí ọlọ́pàá bá sì gba alùpùpù, ọ̀gá kò ní bá ọ pín in. Bákan náà, òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 ti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ òpópónà, ìfòfindè tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 sì kọ́kọ́ kan ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ṣúrúlérè àti Mainland wà lára wọn, nítorí náà kí ọ̀gá rẹ fún ọ ní ìwé tó fi hàn pé ẹrù ni o ń gbé.

Fún oṣù àkọ́kọ́, ṣe ti ìyá rẹ. Dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kí o máa wo àwọn tó ń yà, kí o sì máa sọ nínú ara rẹ ẹni tí yóò yà kí ó tó yà. Bí ohun tí o ń sọ bá ti ń ṣẹ, bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí gbogbo ọkọ̀ ti dúró, láàárín ìlà tó wà lápá òsì jù àti èyí tó tẹ̀lé e, kí o sì máa jáde kúrò níbẹ̀ kí o tó dé Òjótà, Màríláńdì àti Anthony, nítorí níbẹ̀ ni àwọn tó ń lọ sí Ìkẹjà, Gbàgádà àti Òṣòdì ti ń ya kúrò láti ìlà gbogbo.

Ní ti ọ̀gá, má bá a jiyàn lórí eré. Bẹ̀ ẹ́ kó to ẹrù kó tó fún ọ, kí ti Yábà àti Ṣúrúlérè jọ jáde lówùúrọ̀, kí ti Màríláńdì àti Ìkẹjà jẹ́ ti ìpadàbọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ètò yìí ló mú kí ìpè àwọn oníbàárà dínkù, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.