Ẹ má tíì gbé olú yẹn kaná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní olú funfun kan hù sórí koríko iwájú ilé yín ní Houston lẹ́yìn òjò, ó ní ìpẹ́ búráùn lórí, ó sì jọ èyí tí ẹ ń jẹ nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Mo ti jẹ ẹ́ rí.

Ìgbà tí màmá mi wá bá wa wẹ ọmọ ni. Ẹni tó ti ń ṣa olú lóko láti kékeré, ta ni yóò bá wọn jiyàn? Wọ́n já a, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yí i padà: abẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n ní, "Olú gidi rèé." A fi se ẹ̀fọ́. Ó dùn, n kò ní purọ́. Kò tíì tó wákàtí méjì tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wa. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, èmi àti màmá ń du ṣáláńgá kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn la sùn, tí wọ́n ń fa omi sí wa lára.

Chlorophyllum molybdites lorúkọ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tó funfun ló tàn wá: bó bá ṣì kéré, funfun ni, ó dìgbà tó bá gbó kó tó máa yí sí àwọ̀ ewé. Ẹ gé igi rẹ̀ kúrò, ẹ da orí rẹ̀ dé sórí bébà funfun, kí ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Bí ẹ bá bá lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé lórí bébà láàárọ̀, òun ni. Bí ẹ ò bá rí i, ìyẹn ò ní kí ẹ jẹ ẹ́ o. Àwọn olú Amanita funfun kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, funfun sì ni lẹ́búlẹ́bú tiwọn.

Olú ọ̀gán tiwa máa ń ta gbòǹgbò gígùn lọ bá ilé ikán nísàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ìdí tiyín wò, kò ní jìn. Ẹ tún wo ọrùn tiyín: òrùka kan wà níbẹ̀ tó ṣeé tì lọ tì bọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ ẹ́, ẹ pe 1-800-222-1222, nọ́ńbà àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé ní Amẹ́ríkà, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, kí ẹ sì tọ́jú ẹyọ kan sínú bébà fún dókítà. Ẹ fa ìyókù tu nítorí ọmọdé àti ajá. Yóò tún hù. Tiwa ṣì ń yọ ní òbìrìkìtì lẹ́yìn òjò, bí àwọn tó fẹ́ ṣèpàdé.