Kí ló dé tí ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù kò fi gùn ju báyìí lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo rí fọ́tò ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí bàálù ń gbéra lórí rẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kúkú kan èyí tó gùn tó kìlómítà kan, kó lè kó bàálù ní ìlọ́po mẹ́ta?

Ìdáhùn: Gerald R. Ford, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé bàálù, tó wọṣẹ́ lọ́dún 2017, gùn tó mítà 337. Ọkọ̀ agbépo kan ti wà rí, Seawise Giant, tó gùn tó mítà 458, nítorí náà irin kọ́ ló wọ́n wa. Orí ilẹ̀ ni wàhálà àwa tí à ń ya àwòrán ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ Queen Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mítà 280 péré. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kan apá rẹ̀, wọ́n wá tò ó pọ̀ ní Rosyth, ní Scotland. Wọ́n fẹ ẹnu dọ́ọ̀kì ibẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, tì; nígbà tó ń jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àlàfo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò tó mítà kan. Wọ́n tún dúró kí omi òkun fà, wọ́n dá òpó orí rẹ̀ dùbúlẹ̀, kó tó lè gba abẹ́ àwọn afárá Forth kọjá. Ní èbúté Portsmouth tó ń lọ, wọ́n ti ní láti gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kó jìn sí i.

Ìgbì náà ò gbẹ́yìn. Bó bá gbé àárín ọkọ̀ sókè, imú àti ìdí á máa wọlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe gùn tó ni ìtẹ̀ náà ṣe ń le tó.

Ti ìlọ́po mẹ́ta yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ta bàálù sókè kò nílò tó mítà 100, kí wá ni kìlómítà kan fẹ́ ṣe? Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń balẹ̀ sí. Bàálù á fi ìkọ́ ìdí rẹ̀ kọ́ wáyà, wọ́n á tú u, á kúrò lọ́nà, kí èkejì tó balẹ̀. Àwọn tó kù ń yí ká lókè, epo wọn ń tán lọ.

Lójú tèmi, iye ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju gígùn lọ. Ọkọ̀ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì kàn, kí ọ̀kan lè wà lẹ́nu iṣẹ́ bí èkejì bá wọ àtúnṣe. Ọkọ̀ Charles de Gaulle nìkan ni Faransé ní. Nígbà tó wọ àtúnṣe ńlá lọ́dún 2017, tó di 2018 kó tó jáde, wọn ò ní òmíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀.