Kí ni wọ́n ń pè ní ojúlówó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀kọ́ yunifásítì kan jẹ́ ojúlówó, kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an, ṣé orúkọ ńlá ni, àbí ilé gogoro, àbí pé àwọn tó jáde níbẹ̀ tètè ń ríṣẹ́? Ẹnu ò kò lórí ẹ̀ rárá.

Lọ́dún 1993, Lee Harvey àti Diana Green, àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ gíga, kọ àpilẹ̀kọ kan táwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń tọ́ka sí, wọ́n ní ọ̀nà márùn-ún làwọn èèyàn ń gbà wò ó. Àwọn kan ní ohun tó ta yọ tọ́wọ́ gbogbo ayé ò lè tó ni, àwọn kan ní kó ṣáà ti má lálèébù, àwọn kan ní kó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀, àwọn tó ń sanwó sì ń wò ó bóyá ohun táwọn rí gbà tó owó táwọn ná. Ìkarùn-ún ni pé kó yí akẹ́kọ̀ọ́ padà.

Ìkarùn-ún yẹn lèmi fara mọ́, mi ò ní fi pa mọ́. Ẹni tó wọlé tó jẹ́ pé àhásórí nìkan ló mọ̀, tó wá di ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń béèrè pé ẹ̀rí ẹ̀ dà, tó lè to èrò ara ẹ̀ síwèé kó yéèyàn, tó sì lè sọ pé ibi tí mo mọ̀ dé nìyí, ẹ̀kọ́ ti ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ nìyẹn. Tí yunifásítì bá wá jẹ́ pé àwọn tó gba máàkì tó ga jù nìkan ló ń mú wọlé, tí wọ́n sì jáde pẹ̀lú máàkì tó ga, kí ni ilé ìwé yẹn fi kún un?

Ìdí nìyí tí ipò kìíní ipò kejì tí wọ́n ń to yunifásítì sí ò fi tó mi. Ẹ wo ti Shanghai, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń to àwọn yunifásítì àgbáyé sí ipò láti ìlú Shanghai ní Ṣáínà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, máàkì 10 nínú 100 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dídára ẹ̀kọ́, ẹ̀bùn Nobel àti Fields Medal (ẹ̀bùn ńlá fáwọn onímọ̀ ìṣirò) táwọn tó kàwé jáde níbẹ̀ gbà ni wọ́n fi ń kà á! Bóyá olùkọ́ ń ṣàlàyé dáadáa, kò sí níbẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n jọ ń lò ní Yúróòpù láti fi rí sí i pé ẹ̀kọ́ yunifásítì dára sàn díẹ̀ lójú mi, 2005 ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tún un ṣe ní 2015. Ó ní yunifásítì fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ ni ẹrù rírí sí i pé ẹ̀kọ́ ẹ̀ dára, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń wá yẹ ilé ìwé wò láti ìta.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ti ilé ìwé kan, ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ bóyá olùkọ́ ń kọ àlàyé sára iṣẹ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀, àbí máàkì nìkan ni wọ́n ń rí.