Owó tí wọ́n ná fún un níbi òkú

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wà ní SS1. Ọmọ náà fẹ́ wọ kíláàsì Áàtì kó lè lọ kẹ́kọ̀ọ́ tíátà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi bírò máàkì Sáyẹ́ǹsì, ó ní òun ò bímọ kó wá di alágbe. Nígbà tí táàmù kìíní parí, ọmọ gba 24 nínú Físíìsì, ó gba 31 nínú Kẹ́mísírì. Ohun tí ìyá yìí ń bi mí ni ọgbọ́n tó lè dá kí ọmọ náà fọkàn sí ìwé, àti bóyá kó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ ná.

Lẹ́tà yín gùn tó ojú ewé mẹ́rin. Gbólóhùn kan wà ní ojú ewé kẹta tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Ẹ ní: “A tún ti san owó lẹ́sìnnì Físíìsì àti Kẹ́mísírì fún un, owó tí wọ́n ná fún un níbi òkú ìyá ọkọ mi la fi san án.” Ẹ sì padà sórí ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka gbólóhùn yẹn, inú mi ò dùn lẹ́ẹ̀kankan.

Kí ló ṣe tí wọ́n fi náwó fún un? Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní ojú ewé kejì, pẹ̀lú ìdùnnú. Ẹ ní ọmọ yìí bọ́ síwájú pósí, ó gbé oríkì ìyá àgbà láti Ọ̀fà, ọmọ Ọlọ́fà, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ó ń kì í lọ, kò kóólòlò, kò wo ìwé. Ó dé ibì kan, ó dákẹ́, ó gbọ́wọ́ lé pósí náà, kó tó tún ohùn gbé. Ibi tó ti dákẹ́ yẹn gan-an lẹ ní àwọn àgbà ọkùnrin ti ṣí fìlà, tí bàbá rẹ̀ fi etí agbádá nu ojú. Wọ́n lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí títí ẹnì kan fi gbé báàgì wá. Àwọn ará ilé ọkọ yín ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ọmọ yín ló yẹ́ òkú náà sí.

Ẹ dákun, iṣẹ́ wo lẹ rò pé ọmọ náà ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ohùn tó kárí gbogbo àgbàlá láìsí máìkì, iyè tó gba odidi oríkì dúró, ọgbọ́n àtimọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́: ohun tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni ìyá àgbà fi kọ́ ọ, lórí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn láti ìgbà tó wà ní Práímárì 3. Nígbà tó fi bu iyì kún ilé yín, ẹ ń yọ̀. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ lọ kọ́ ọ níwèé, ó di alágbe. Owó tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rí, ẹ fi ra Físíìsì tí kò fẹ́. Ṣé ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó ná an? Ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà, mo sì mọ̀ pé ẹ ò bi í.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé Òṣogbo ló ń gbé, kò yẹ kírú ọ̀rọ̀ alágbe yẹn ti ẹnu ará Òṣogbo jáde. Tíṣà ni Dúró Ládípọ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀ níbẹ̀. Òṣogbo náà ni Mbari Mbayọ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti ayàwòrán, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Nígbà tó máa di 1964, oríkì, ìlù àti ijó ni Ládípọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé lọ sí Berlin, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó tì wọ́n. Aṣọ ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé náà bọ́ sílẹ̀ kó tó fi tíátà ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n pe àwọn náà ní alárìnjó, wọ́n fi bú wọn. Mi ò sọ pé owó wà níbẹ̀ jàlàjàlà o. Ọ̀pọ̀ òṣèré ni nǹkan ò rọrùn fún, ó sì yẹ kí ọmọ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín láìfi bò. Ṣùgbọ́n kí ló ń mú bọ̀ láti inú 24?

Ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí, nítorí ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún yín. Ní SS, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu ọ̀nà tíátà. Pépà kẹta rẹ̀ ní WAEC, eré orí ìtàgé àti ewì ni. Ìbàdàn ń pe ẹ̀kọ́ náà ní Theatre Arts, Ifẹ̀ ń pè é ní Dramatic Arts, Ìlọrin ń pè é ní Performing Arts; èyí ó wù kó jẹ́, wọ́n á béèrè kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì àti ti Lítíréṣọ̀, wọ́n á sì tún béèrè Lítíréṣọ̀ ní JAMB. Tó bá jókòó sí Sáyẹ́ǹsì títí dé SS3, ta ló máa fi Lítíréṣọ̀ sórúkọ rẹ̀? Kíláàsì Áàtì tí ẹ sì ń pè ní ti àwọn olódo yẹn, ibẹ̀ náà ni lọ́yà àti oníròyìn ti ń jáde. Bó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn ọ̀la, ọ̀nà ṣì pọ̀ fún un. Nínú èsì JSS3 tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, 88 ló gbà nínú CCA (Cultural and Creative Arts), níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní orin, eré àti ijó. Òun ló ga jù nínú gbogbo èsì náà. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára rèé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ni ní Lítíréṣọ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì Sáyẹ́ǹsì tó ń kọ eré sẹ́yìn ìwé Kẹ́mísírì rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú eré náà, bírò aláwọ̀ búlúù, pupa àti dúdú ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó kọjú sí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ rán an wá ṣe. Títí ó fi parí, kò tún kọ ìlà kan mọ́. Inú mi dùn nígbà náà pé ó ti gbọ́rọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ kọ ọ́ sí ìparí lẹ́tà pé “ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò kọrin kiri ilé mọ́,” àyà mi já. Ìyá àgbà tó kọ́ ọ kú, ẹ ní kó ṣe ẹ̀yẹ fún yín, ó ṣe é, ẹ sì gba owó rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn ti bi í pé báwo ni ara rẹ̀ látọjọ́ náà?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ lọ rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. SS1 ló ṣì wà, ó lè da nóòtì táàmù kan kọ. Tó bá di SS2, ẹ ó kàn máa bẹ̀bẹ̀ kiri ni. Tí bàbá rẹ̀ bá kọ̀, kí ẹ̀yin nìkan lọ.

Kó tó di Mọ́ńdè, ẹ jókòó ti ọmọ náà. Ẹ sọ iye tó wà nínú báàgì yẹn fún un, nítorí ẹ ò kọ ọ́ sí èmi náà. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ máa dá a padà.