Ẹ Bi Àǹtí: Ọkọ mi ń sá fún dínà àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o Àǹtí. Ọkọ mi ṣe sójà fún ìlú Òyìnbó, British Army, kọ́pọ́rà ni wọ́n tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀, a wá kó wá sí apá Alicante ní Spain níbí torí oòrùn àti torí pé ilé ò wọ́n tó ti London. Àwọn ará Britain tó ti ṣe sójà rí pọ̀ níbí bí nǹkan míì, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì fi IV ránṣẹ́ sí wa pé ká wá sí mess dinner, wọ́n kọ "Black tie, miniatures" sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Látìgbà tí IV yẹn ti wọlé ni ọkọ mi ti ń sọ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n ní ibi táwọn ọ̀gá ti ń jẹun ni mess, pé àwọn ò wọ ibẹ̀ rí àfi ìgbà tí wọ́n bá ní kí àwọn wá gbé àga. Èmi ní tèmi mo fẹ́ lọ o! Àmọ́ a kì í mutí nílé wa, mi ò sì mọ̀ bóyá mo lè wé gèlè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là wá lọ́yẹ̀. – Ìyá Ìbejì, Alicante

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n yẹn, kò sí dókítà tó lè wò ó, ọjọ́ kejì dínà ló máa san.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù yé mi. Nínú iṣẹ́ sójà Britain, mess àwọn ọ́físà lọ́tọ̀, ti sájẹ́ǹtì àti wọ́rántì ọ́físà lọ́tọ̀, kọ́pọ́rà àtàwọn tó kéré sí i ń jẹ tiwọn níbòmíì, torí náà èèyàn lè lo gbogbo ọdún iṣẹ́ ẹ̀ kó má jókòó síbi mess dinner rí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Royal British Legion tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1921, tó ní ẹ̀ka káàkiri Spain, ẹni tí kò ṣe sójà rí gan-an lè wọ̀ ọ́, ká tó wá sọ kọ́pọ́rà tó sìn dé ojú àmì. Ẹni tó jẹ́ májọ̀ nígbà kan àti ẹni tó ń wa mọ́tò nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa jókòó sí, ọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn wọ́n ni wọ́n sì máa jọ sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bí alẹ́ náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró mu nǹkan díẹ̀ níta, tó bá yá wọ́n á fọn fèrè tàbí kí wọ́n lu agogo pé oúnjẹ ti délẹ̀, kálukú á wá ibi tí orúkọ ẹ̀ wà, àmọ́ ẹ ò ní tíì jókòó o, ẹ̀yìn àga yín lẹ máa dúró sí títí àwọn tébù òkè á fi wọlé tán tí wọ́n á sì gbàdúrà sí oúnjẹ. Látìgbà yẹn lọ, èèyàn méjì péré ni kẹ́ ẹ máa wò. Ọ̀kan wà láàárín tébù òkè, PMC ni wọ́n ń pè é, òun ni alága, òòlù onígi kékeré kan wà níwájú ẹ̀ tó fi ń gbá tébù tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lọ́hùn-ún, Mr Vice ni wọ́n ń pè é, ẹni tó kéré jù láàárín wọn ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é. Tí àwọn méjèèjì bá jókòó, ẹ jókòó. Èmi ò gbà pé èèyàn nílò kó há ìwé òfin kankan sórí ju ìyẹn lọ.

Àfi ẹyọ kan. Títí wọ́n á fi ṣe tóòsì ti ọba, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n ń mu láti fi yẹ́ ọba sí, kò sẹ́ni tó ń dìde lórí tébù lọ tọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ọbẹ̀ á kọ́kọ́ dé, ẹja, ẹran, nǹkan dídùn, ìtàn ogun ẹni tó jókòó tì yín náà á wà níbẹ̀, ó lè ju wákàtí méjì lọ. Ẹ lọ sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fọn fèrè, bí ìtọ̀ ò bá tiẹ̀ gbọ̀n yín.

Tóòsì yẹn wá ni ọkàn gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá ti palẹ̀ àwo mọ́, wọ́n á gbé ìgò wáìnì tó nípọn kan jáde, port lorúkọ ẹ̀, á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, apá òsì ló ń gbà lọ, kì í yíjú padà, ẹni tó bá gbé e fún ẹni ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn mess kan wà tí wọn kì í tiẹ̀ẹ́ jẹ́ kó kan tébù rárá. Ẹ bu díẹ̀ sí gíláàsì, ẹ má tíì fẹnu kàn án. PMC á gbá òòlù, á dìde, á ní "Mr Vice, the King". Mr Vice á dìde lọ́hùn-ún, á ní "Ladies and gentlemen, the King", gbogbo yín á wá dìde, wọ́n á kọ orin ìlú wọn, kálukú á sọ "The King", ẹ á mu, ẹ á jókòó. Ó tán. Títí di September 2022 tí Queen Elizabeth fi wàjà, "The Queen" ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn yìí fún àádọ́rin ọdún, torí náà tí ẹnu bàbá àgbàlagbà kan bá yọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Torí pé Spain lẹ sì wà, tí wọ́n bá pe àwọn ọmọ onílùú síbẹ̀ wọ́n lè ṣe ti King Felipe náà, ìdìde kan náà ni.

Àwọn Royal Navy ló yàtọ̀ nínú mess tiwọn, ìjókòó ni wọ́n ti ń mu ti ọba. Òrùlé inú ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ ò ga, wọ́n ní ọba kan dìde ó fi orí gbá igi, ló bá ní kí wọ́n máa jókòó ṣe é. Ẹ ò rí i pé ọba náà gbọ́n.

Tí wọ́n bá wá fi Bàbá Ìbejì ṣe Mr Vice ńkọ́, torí pé wọn ò tíì pẹ́ nínú ẹgbẹ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ kò kún ìlà kan. Kí wọ́n gbóhùn sókè bíi ti pàréèdì, kí wọ́n jókòó padà.

Ti ọtí ò le rárá. Kò sẹ́ni tó máa gbóòórùn gíláàsì yín. Omi náà dára, àmọ́ tí bàbá Navy kan bá wà nítòsí, àwọn ará àtijọ́ nínú wọn gbà pé ẹni tí wọ́n bá fi omi ṣe tóòsì fún, omi ló máa gbé e lọ, torí náà kí ẹ sáà ní kí wéítà bu júìsì èso àjàrà fún yín, ó pupa bíi port, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Aṣọ. Black tie kì í ṣe táì dúdú gígùn tí wọ́n fi ń lọ ìsìnkú o, súùtù dínà dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bóò-táì ni. "Miniatures" túmọ̀ sí pé mẹ́dà kéékèèké ni kí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà òsì, àwọn tó jẹ́ bí ìdajì èyí tí ìjọba fún wọn, wọ́n ń tà á, àwọn tó ń tà á náà ló máa tò ó sórí irin fún wọn. Kí wọ́n tètè ra tiwọn, ọjọ́ tó kù ọ̀la kọ́ ni wọ́n ń ra irú ẹ̀. Ẹ̀yin ní tiyín, gáùn gígùn ni wọ́n ń retí, àmọ́ aṣọ ìlú ẹni náà jẹ́ aṣọ dínà, ẹ wọ ìró àti bùbá tó dáa, ẹ wé gèlè yín. Kó má sáà ga jù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ láti tébù òkè, ẹni tó wà lẹ́yìn yín fẹ́ rí wọn. Àwọn tó dàgbà ní bárékè ní Nàìjíríà máa mọ WASA, ayẹyẹ àwọn sójà níbi tí wọ́n ti ń dáná láàárín pápá tí tẹbí tọmọ ń jó. Èyí ò jọ WASA, ẹ má lọ náwó fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, bàbá mi àgbà lọ Bọ́mà, mẹ́dà wọn wà lọ́wọ́ mi ní London níbí. Àwọn sójà Nàìjíríà tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń gbé ìlú yìí pè mí sí dínà wọn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Ṣé mo lè fi mẹ́dà náà sáyà? – Ọmọ Bọ́mà

ÌDÁHÙN: Àyà òsì ni ti ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dé ojú ogun. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àyà ọ̀tún ni wọ́n ń fi sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tẹ́ ẹ wà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí yín. Àmọ́ ti dínà lálẹ́ kékeré ni, ti bàbá yín sì jẹ́ ńlá, nítorí náà mo máa ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ di ọjọ́ Sunday tí wọ́n ń rántí àwọn tó kú sógun ní November, ìyẹn gan-an ni ọjọ́ ẹ̀.

Ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ wò ó dáadáa ná. Tó bá jẹ́ Burma Star, ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà aláwọ̀ idẹ ni, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ pupa láàárín, búlúù dúdú lọ́tùn-ún lósì, ìlà ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín búlúù kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọsàn yẹn dúró fún oòrùn. Àwọn ọmọ wa tó wà nínú 81st àti 82nd West African Division ló gbà á, àwọn tó fi orí ru ẹrù gba inú igbó tí mọ́tò ò lè wọ̀. Ẹ má fi Brasso họ ọ́ o! Àwọn kan ń họ ọ́ títí lẹ́tà ara ẹ̀ fi ń pa rẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ Àǹtí. Marine fún Amẹ́ríkà ni ọkọ mi, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, Angeles City ní Philippines la ń gbé. Ní November wọ́n mú mi lọ síbi ayẹyẹ ẹgbẹ́ wọn, mo rí tébù kékeré kan lápá kan, àga ẹyọ kan, wọ́n dojú gíláàsì dé, wọ́n fi iyọ̀ sínú àwo, àbẹ́là ń jó, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Wọ́n wá tún fi idà gé kéèkì. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sílé, màmá mi ní ìpèsè òkú ni, kí n má jẹun níbẹ̀ mọ́. – Adérónkẹ́

ÌDÁHÙN: Adérónkẹ́, màmá yín ò jìnnà sí òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n tẹ́ tébù fún lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bọ nǹkan kan. Àwọn páílọ́ọ̀tì ogun Vietnam ló mú àṣà náà wá, nítorí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ọ̀tá mú àtàwọn tí wọ́n wá tì. Tébù náà máa ń rí róbótó torí pé àníyàn wọn ò lópin, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ sórí ẹ̀, òdòdó róòsì pupa kan nínú fáàsì nítorí àwọn ẹbí tó ń retí. Ẹ máa rí ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀ yẹn, kíkan ni ìpín wọn, iyọ̀ sì ni omijé ojú ìyàwó àti ìyá. Gíláàsì dojú dé torí pé wọn ò lè bá wọn mu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti idà yẹn, ọjọ́ ìbí àwọn Marine ni. November 10, 1775 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n wà láyé wọ́n á gé kéèkì lọ́jọ́ náà. Àlejò pàtàkì ló kọ́kọ́ ń jẹ, lẹ́yìn náà Marine tó dàgbà jù níbẹ̀ á gba tiẹ̀, á sì nawọ́ ẹ̀ sí èyí tó kéré jù, bí ẹni tó ń fi ìmọ̀ lé e lọ́wọ́. Angeles City sì rèé, ẹ̀gbẹ́ Clark Air Base níbẹ̀ lẹ wà, tó jẹ́ ibùdó àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àwọn Amẹ́ríkà kó kúrò ní 1991 lẹ́yìn tí òkè Pinatubo bú gbàù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló padà wá fi ibẹ̀ ṣelé, torí náà ẹ máa rí irú ayẹyẹ báyìí dáadáa.

Ẹ jẹ kéèkì yín. Kẹ́ ẹ sáà ṣọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n má lọ jókòó sórí àga ẹyọ kan yẹn, tí ẹni tó pẹ́ dé bá sì ń wá àga, ẹ má jẹ́ kí wéítà fà á fún un.