Ṣé a ti fojú kéré Riot? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Lẹ́tà tó wọlé lórí Riot, ẹgbẹ́ olórin power metal (métàlì tó ń sáré, tí ohùn akọrin sì ga) ti New York, ju èyí tí àyè wa lè gbà lọ. Iyàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n fi ipò ẹgbẹ́ náà dù ú, àwọn kan ní ibi tó wà yẹn ló yẹ ẹ́. A mú márùn-ún nínú wọn.

Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Láàárín àwa tí a fẹ́ràn métàlì níbí, Helloween ni gbogbo ẹnu ń pè ní bàbá power metal. Èmi ní Riot ló kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ta ló jàre?

Ẹ jàre níbì kan, ẹ jẹ̀bi níbì kan. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí, ẹ̀gbọ́n ni Riot. Ọdún 1975 ni Mark Reale tó ń ta gìtá àti Peter Bitelli tó ń lu ìlù dá a sílẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́, Rock City, sì jáde ní 1977. Ọdún 1984 ni Helloween ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg, ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ohun tí Riot ń ṣe ní 1977 kì í ṣe power metal, hard rock ni. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Thundersteel jáde ní 1988, èyí tí gbogbo wa ń tìtorí rẹ̀ jiyàn, apá kìn-ín-ní Keeper of the Seven Keys ti Helloween ti wà nílẹ̀ láti 1987. Ẹ má fi “àwọn ló kọ́kọ́ dé” gbèjà wọn mọ́. Ẹni tó bá mọ ọdún tí àwo kọ̀ọ̀kan jáde yóò pa yín lẹ́nu mọ́.

Ohun tí ẹ lè gbá mú ṣinṣin ni ohun tó wà nínú àwo náà gan-an. Ti Yúróòpù fẹ́ràn ègbè ńlá tí gbogbo èrò lè gbè lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Amẹ́ríkà, ọ̀nà tí Jag Panzer, Savatage àti Crimson Glory tọ̀, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: gìtá ló ń fa orin, akọrin á sì máa ké bí ẹni tó ń pe ogun. Thundersteel di ọ̀nà méjèèjì mú. Ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àwo. Gìtá Reale nìkan ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń sáré, kò dúró mí. Ìlù já lé e. Tony Moore wá gba orin, ohùn rẹ̀ ń gòkè títí ẹ ó fi rò pé ó ti kan òkè àjà, yóò tún gun ibi kan sí i. Lẹ́yìn náà ẹ lọ gbọ́ Flight of the Warrior, ègbè rẹ̀ yóò sì yà yín lẹ́nu bó ṣe sún mọ́ ti àwọn ará Jámánì tó. HammerFall, àwọn ará Swídìn, tún orin yẹn kọ sínú àwo wọn ní 2008. Àwọn tó ń kọ irú orin yìí mọ ibi tí wọ́n ti mu omi, ó kàn jẹ́ pé àwọn olùgbọ́ kò mọ odò náà ni.

Òǹkàwé kan, Kétu: Ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde kankan. Àwọn Riot fúnra wọn ló ba ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́. Bí èèyàn bá fẹ́ràn akọrin kan, kó tó kọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa, wọ́n ti mú òmíràn wá.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Akọrin márùn-ún ló ti lé orin nínú àwo wọn. Guy Speranza kọ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ ní 1981. Rhett Forrester kọ Restless Breed ní 1982 àti Born in America ní 1983, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ náà tú ká. Tony Moore dé pẹ̀lú Thundersteel. Mike DiMeo gbà á láti Nightbreaker ní 1993 títí dé Army of One ní 2006. Todd Michael Hall ló wà níbẹ̀ báyìí. Ohùn márààrún kò jọra rárá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ti DiMeo mọ̀ wọ́n yóò retí ohùn tó wúwo, tó ní blues nínú. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ Moore, yóò rò pé ẹgbẹ́ mìíràn ni.

Àmọ́ èyí nìkan kọ́. Nígbà tí wọ́n parí Fire Down Under, àwo kẹta wọn, ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó gbé e jáde kọ̀ ọ́, wọ́n ní kò lè tà. Àwọn olólùfẹ́ wọn pariwo, wọ́n kọ̀wé, kí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Elektra, tó gbé e jáde ní 1981. Ẹ gbọ́ Swords and Tequila tó ṣí àwo náà, ẹ wá sọ fún wa bóyá èyí ni orin tí kò lè tà. Àkókò tó lọ lórí ìjà yẹn kò ṣeé rà padà, nítorí ìgbà náà gan-an ni etí gbogbo ayé ń ṣí sí métàlì. 

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà ńbẹ̀. Orúkọ a máa ro ọmọ. Ní 1983, ẹgbẹ́ mìíràn láti Los Angeles tó ń jẹ́ Quiet Riot gbé Metal Health jáde, ó sì gun ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá béèrè Riot lọ́wọ́ ọlọ́jà àwo, Quiet Riot ni wọ́n ń nà sí i. Títí di òní, bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń dà pọ̀. Ẹ fi orúkọ àwo kún un nígbà gbogbo tí ẹ bá ń wá wọn.

Àwòrán ara àwo náà fa ìjiyàn. Ẹ̀dá tí wọ́n fi ṣe àmì ẹgbẹ́ náà ní ara èèyàn àti orí ẹran omi kan tó ń jẹ́ sílì. Lójú Narita, àwo 1979 tí wọ́n fi orúkọ pápákọ̀ òfuurufú Tokyo pè, ẹ̀dá yìí dúró bí oníjàkadì Japan. Ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní kò bójú mu. Ará Kétu kan kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń gbé ejò àti ẹyẹ jáde lórí ère ojú èèyàn, tí gbogbo ọjà sì ń pàtẹ́wọ́, orí ẹranko lọ́rùn èèyàn kì í ṣe ohun tí ń lé èèyàn sá.

Ìdájọ́ wa rèé: ẹgbẹ́ yìí yẹ ní ìyìn púpọ̀ ju èyí tó ń gbà lọ, nítorí Fire Down Under àti Thundersteel. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe irú àwo méjì bẹ́ẹ̀ ní ọdún méje síra, pẹ̀lú akọrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí a ń ṣàlàyé orúkọ rẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ métàlì. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé gbogbo àwo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. The Privilege of Power ti 1990 ní orin tó lágbára gan-an, àmọ́ wọ́n ki ohùn rédíò àti ariwo oríṣiríṣi sáàárín orin kan sí èkejì, wọ́n sì tún pe àwọn afunfèrè Tower of Power wá. Ẹni tó bá ń sáré bọ̀ láti Thundersteel yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Òǹkàwé kan, Ṣábẹ̀ẹ́: Mo gbọ́ Thundersteel lórí fóònù mi, ariwo agolo ni mo gbọ́. Mo so ó mọ́ sípíkà ńlá méjì, ìlù-ẹsẹ̀ tún pòórá pátápátá. Ṣé bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ nìyẹn?

Rárá o. Ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní.

Ti fóònù kò ní oògùn. Ẹnu sípíkà inú rẹ̀ kéré, kò lè gbé ìró tó bá lọ sísàlẹ̀ 300 Hz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ìlù-ẹsẹ̀ wà láàárín 60 sí 100 Hz. Ohun tí ẹ ń gbọ́ ni ìró ṣóńṣó tí ọ̀pá ìlù ń ṣe nígbà tó bá kan awọ, tó wà ní nǹkan bí 2,000 sí 4,000 Hz. Ẹ lo èyí tí wọ́n ń kì bọ etí, kó sì dí ihò etí yín dáadáa, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ má gbé ohùn rẹ̀ kọjá ìdajì díẹ̀. Àwo yìí ga lóhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í fún etí ní ìsinmi.

Ti sípíkà méjì, ó ṣeé ṣe kí wáyà ọ̀kan nínú wọn ti yí padà: pupa wà níbi tó yẹ kí dúdú wà. Nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, ìró ìsàlẹ̀ a sì pa ara rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà sípíkà kan, ẹ tún tàn án. Bí ìlù-ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí i nígbà tí sípíkà kan ṣoṣo ń ké, ohun tó ṣe é nìyẹn. Ẹ tún pa á, ẹ pa wáyà dà lẹ́yìn sípíkà kan péré, ẹ má fọwọ́ kan èkejì.

Bí ìró náà bá ṣì ń rọ́ pọ̀, ẹ lo equalizer, ibi tí ẹ ti ń dín ohùn kù tàbí fi kún un lórí ẹ̀rọ, ẹ dín ibi tó wà ní 300 Hz kù ní 2 tàbí 3 dB kí ẹ tó fi nǹkan kan kún ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni gìtá méjì àti báàsì ti ń tara wọn. Tí ọ̀nà bá ti là, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì onílù bí ẹ ṣe ń gbọ́ omele lábẹ́ ìyáàlù: kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìyáàlù kò ní ibi tí yóò dúró lé.

Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́: Àwa méjì la ń ta gìtá. A fẹ́ kí gìtá méjèèjì máa kọrin pọ̀ bíi ti Riot, àmọ́ níbi kan lágbedeméjì, ńṣe ló ń korò létí.

Ibi tó ń korò yẹn, ẹ ń fi iye fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ ara ọrùn gìtá) kan náà tẹ̀lé ara yín ni. Ohùn kẹta lórí àtẹ̀gùn orin ni gìtá kejì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé. Jíjìnnà fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí ara yín nígbà gbogbo kò ní gbé e. Ẹ fi E minor dánwò. Gìtá kìn-ín-ní, lórí okùn kejì láti ìsàlẹ̀ (okùn B): fírẹ́ẹ̀tì 5, 7, 8, 10. Gìtá kejì, lórí okùn kan náà: 8, 10, 12, 13. Ẹ wò ó: níbi 8 àti 12, mẹ́rin ló wà láàárín, àwọn yòókù jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá tẹ 11 dípò 12 ni ó ń mú ìkorò wọlé.

Ẹ jọ fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tún okùn yín ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi gáìnì ańpù sí ìdajì, nítorí bó bá pọ̀ jù, ohùn méjì a di ìkùukùu kan, ẹ kò ní mọ ẹni tó ṣì í. Ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kan okùn níbi tó ti jókòó lórí igi gìtá. Bó bá wọ inú jù, okùn a kú, bó bá jìnnà jù, okùn a máa dún káàkiri. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 4 kún un nígbà tí ẹ bá ti ta á lẹ́ẹ̀márùn-ún láìṣì. Bí apá bá ń le gbagidi, ẹ padà sẹ́yìn: ìgbọ̀nwọ́ lẹ ń fi ta á nígbà tó yẹ kó jẹ́ ọrùn ọwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà létí ọ̀sà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá ta á, nítorí ọ̀rinrin àti òógùn ní í mú un dógùn-ún. Ti ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀: nígbà ọyẹ́, igi ọrùn gìtá a gbẹ, a máa tẹ̀ sẹ́yìn, okùn a wá máa dún zẹ̀ẹ́ lórí fírẹ́ẹ̀tì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tú irin inú ọrùn náà sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ẹ tún okùn ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fi agbára yí i nígbà tó ti le, irin náà lè já, ọrùn sì bàjẹ́ nìyẹn.

Òǹkàwé kan, Kétu: Ṣé ẹgbẹ́ náà ṣì wà? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mark Reale kú ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 2012, lẹ́yìn tó ti bá àìsàn ìfun tó ń jẹ́ Crohn wọ̀yá ìjà fún ọdún púpọ̀. Immortal Soul ti 2011, níbi tí Moore ti padà wá, ni àwo tó ṣe kẹ́yìn. Àwọn yòókù ń bá a lọ pẹ̀lú orúkọ Riot V: Don Van Stavern tó ń ta báàsì wà níbẹ̀, Mike Flyntz tó ti ń ta gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Reale náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé Unleash the Fire jáde ní 2014 àti Armor of Light ní 2018.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Thundersteel, orin mẹ́sàn-án ni, ẹ gbọ́ ọ tán láìfo Bloodstreets, tó rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé kò ní ibi tó ń lọ. Kí ẹ padà sí Fire Down Under. Lẹ́yìn náà Immortal Soul, kí ẹ lè gbọ́ ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Reale nígbà ìkẹyìn. Ẹ fi The Privilege of Power sílẹ̀ di ìgbà tí etí yín bá ti mọ̀ wọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín fún wákàtí kan.